Kálípà àti Ọmọ Ẹlẹ́jàkadì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò ju ohun tí ìka méjì lè gbá mú lọ.

Ní ìparí ọdún 1997, láàárín oṣù kan ó lé díẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń ja ìjàkadì fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà kú. Kì í ṣe ojú ìjà ni wọ́n kú sí. Wọ́n fẹ́ dín ìwọ̀n ara wọn kù kíákíá. Wọ́n wọ aṣọ tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá, wọ́n ń làágùn nínú yàrá gbígbóná, omi sì tán lára wọn. Láti ìgbà náà ni kálípà, irinṣẹ́ tó ń gbá awọ mú láti wọn bí ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ṣe nípọn tó, ti di aláṣẹ. Ní sáà 2006 sí 2007, ìlànà ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan: ọmọkùnrin kò gbọdọ̀ jà ní ìwọ̀n tí ọ̀rá ara rẹ̀ yóò fi kéré sí ìdá 7 nínú 100, ti ọmọbìnrin jẹ́ 12.

Ta ló wá mọ iye ọ̀rá tó wà lára ọmọ? Tẹ́lẹ̀, ìṣirò àgbàlagbà ni wọ́n máa ń gbé wọ ọmọdé, bí ìgbà tí a gbé agbádá bàbá wọ̀ ọ́. Omi pọ̀ nínú ẹran ara ọmọdé ju ti àgbàlagbà lọ, egungun rẹ̀ kò sì tíì gbó, ìyẹn ló mú kí ara rẹ̀ fúyẹ́. Ìṣirò náà á ka ìfúyẹ́ yẹn sí ọ̀rá. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Slaughter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gé aṣọ tó bá ọmọdé mu ní 1988. A ó gbá awọ mú lẹ́yìn apá, ní agbedeméjì èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, a ó tún gbá a mú ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹran ẹ̀yìn ojúgun. A ó ro méjèèjì pọ̀. Fún ọmọkùnrin, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 0.735, a ó fi 1 kún un. Fún ọmọbìnrin, ìlọ́po 0.610, a ó fi 5.1 kún un.

Ẹ jẹ́ ká wọn ọmọkùnrin kan tó jẹ́ kílò 60. Apá fún wa ní mílímítà 8, ẹsẹ̀ 7: àpapọ̀ 15, ọ̀rá ìdá 12. Bí ìlànà yẹn bá dé bá a, kò gbọdọ̀ jà ní ìsàlẹ̀ kílò 56.8. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí lè fi ìdá 3 tàbí 4 ṣìnà lókè tàbí nísàlẹ̀. Bí ọ̀rá ọmọ náà bá jẹ́ 8 gan-an, kílò 59.4 ni ààlà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 16, kílò 54.2 ni. Kílò márùn-ún ó lé! Ipele ìjà mìíràn nìyẹn. Ẹni tó bá wá kéde 56.8 bí ìdájọ́ ilé ẹjọ́, èmi ò bá a fọwọ́ sí i.

Bó bá jẹ́ èmi ni olùkọ́ ọmọ náà, mílímítà 15 yẹn ni n óò kọ sínú ìwé, n óò pa ìdá ọ̀rá tì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà n óò tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta: ojú ibi kan náà, ọwọ́ kan náà, kálípà kan náà.