Ẹnu Ọ̀nà Ti Ṣí, Àga Ńkọ́?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ́ǹ)



Ìlú Òmìnira ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú tí a péjọ sí yìí. Àwọn ènìyàn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tọkùnrin tobìnrin, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1849. Nítorí náà, ìhín gan-an ni ó yẹ kí a ti bèèrè pé: obìnrin adúláwọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ǹjẹ́ òun náà ti gba òmìnira bí?

Ohun tí ó yẹ fún ìyìn kò yẹ kí a fi pamọ́. Nígbà tí Ààrẹ Omar Bongo kú ní ọdún 2009, Arábìnrin Rose Francine Rogombé, olórí Ilé Aṣòfin Àgbà, ni ó di ìjọba mú fún oṣù díẹ̀. Ní ọdún 2020, Arábìnrin Rose Christiane Ossouka Raponda di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ Olórí àwọn Mínísítà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: títí di ọdún 2021 tí a tún òfin ṣe, òfin kò ka aya sí ẹgbẹ́ ọkọ nínú ọ̀ràn iṣẹ́ àti owó. Ẹnìkan ti gun orí àga, ẹgbàágbèje ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Òfin ti ṣílẹ̀kùn wàyí, àmọ́ kí ni ó wà nínú ilé? Ọ̀gá òyìnbó wo àwọ̀ obìnrin náà, ó fojú di í. Ọ̀gá adúláwọ̀ bíi tirẹ̀ wo ìró tí ó ró, òun náà fojú di í. Ìwé tí ó kà kò dín sí ti akẹgbẹ́ rẹ̀ ọkùnrin, síbẹ̀ bí àlejò bá dé sí ìpàdé, òun ni a ó ní kí ó lọ bu omi wá. Ìyà méjì ni ó ń jẹ lórí owó oṣù kan.

Kí a má sì rò pé ti àwọn ará ìhín nìkan ni. Ọdún 1894 ni a dá báǹkì tí a mọ̀ sí First Bank lónìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa; ọdún 2015 ni obìnrin kan, Arábìnrin Ìbùkún Awóṣìkà, tó ṣe alága rẹ̀. Ọdún 121 ni!

Ẹ jẹ́ kí a wá gbòǹgbò ọ̀ràn náà lọ. Ní Gàbọ́ǹ, obìnrin òṣìṣẹ́ tí ó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14, owó rẹ̀ sì ń ti inú àpò kan tí òfin mú àwọn ilé-iṣẹ́ dáwó sí wá. Òfin Iṣẹ́ tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 1974 fún un ní ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú ìdajì owó ó kéré tán, ó sì di ẹrù náà lé agbanisíṣẹ́ nìkan lórí. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin àti ìyàwó titun bá jọ dúró níwájú agbanisíṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ ẹni tí yóò mú? Àwọn baba wa ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Bí igba ènìyàn yóò bá jèrè ọmọ, kí igba ènìyàn dáwó ìkúnlẹ̀ rẹ̀.

Èyí ni kí ẹgbẹ́ wa gbé lọ sí ilé: àpò àjọdá fún àwọn ìyá òṣìṣẹ́, kí a sì san owó kan náà fún iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ má ṣe gba iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán; ẹ gba ìwé, kí ẹ sì wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́, mélòó ni obìnrin tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa níhìn-ín, yàtọ̀ sí àwọn tí ń se oúnjẹ ìpàdé? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.