Ẹ̀rọ Ọlọ́pọlọ Púpọ̀ àti Òǹkà Iṣẹ́ Rẹ̀

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ ẹyọ kan, ogún ènìyàn kò lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kọ̀ǹpútà tí ó ní ọpọlọ púpọ̀, èyíinì ni àwọn ẹ̀yà tí ń ṣe ìṣirò nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1967, Gene Amdahl, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, là á yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé apá iṣẹ́ tí kò ṣeé pín ni ó ń pààlà fún ìyára ẹ̀rọ. Bí iṣẹ́ kan bá gba ọpọlọ kan ní wákàtí 10, tí wákàtí 1 nínú rẹ̀ kò sì ṣeé pín, ìbáà ṣe ọpọlọ 1,000 ni a kó jọ, kò lè parí kí wákàtí 1 tó pé.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń ka òǹkà ẹ̀rọ kíyè sára. Bí 1 nínú ọpọlọ 8 bá ń ṣe làálàá, tí 7 sì jókòó, àròpín yóò wí pé ìdá 12.5 péré nínú 100 ni ó ń ṣiṣẹ́. Aláìmòye yóò rò pé ara dẹ ẹ̀rọ náà, nígbà tí iṣẹ́ ń tò dúró. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọwọ́ gbogbo wọn yóò dí, àṣé wọ́n kàn ń béèrè léraléra bóyá àyè ti ṣí ni.

Kí a tó náwó sórí ọpọlọ tuntun, ìbéèrè méjì ni kí a kọ́kọ́ béèrè: iṣẹ́ mélòó ni ó ń parí ní wákàtí kan? Níbo ni iṣẹ́ ti ń dúró?