Kámẹ́rà Fídíò Tí A Ń Fi Ọwọ́ Gbé, àti Owó Ẹ̀yáwó Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta



Ohun tí ó mú wa dìde lónìí ni àwọn ìwé ẹ̀yáwó tí ń wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, fíríìjì àti owó ilé-ìwé ọmọ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń tìtorí rẹ̀ yáwó. Nísinsìnyí kámẹ́rà fídíò ti kún un. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ ni, ó sì ń mú owó wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ̀wé kì í kọ ju orúkọ kámẹ́rà kan ṣoṣo lọ, èyí tí ó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn kì í kọ lẹ́ǹsì, wọn kì í kọ máíkì, wọn kì í kọ bátìrì. Bí a bá bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọn yóò fi ṣe, wọ́n á ní òde ìnáwó ni.

Ẹ̀yin náà mọ bí òde ìnáwó ti rí. Níbi tí ìyàwó ti ń jó bọ̀, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń ná owó fún un, tí ọmọdé ń ṣa owó nílẹ̀, tí alásè ń gbé abọ́ kọjá, ta ni yóò fún ọ ní àyè láti gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà kalẹ̀? Ọwọ́ ni onífídíò yóò fi gbé e láti àárọ̀ di alẹ́. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kámẹ́rà tí a ó máa fi ọwọ́ gbé gbọ́dọ̀ kéré, kí ó fúyẹ́, kí ó ní ohun tí yóò mú àwòrán dúró jẹ́ẹ́, kí owó sì ṣẹ́kù fún lẹ́ǹsì àti ohùn. Ẹni tí ó bá ná gbogbo owó ẹ̀yáwó sórí ara kámẹ́rà nìkan, gbèsè ni ó rà.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí kámẹ́rà VHS tí a ń gbé lé èjìká. Irú rẹ̀ ni ó wà lóde nígbà tí Living in Bondage jáde ní 1992, tí fídíò ilé gba ìgboro kan. Ó wúwo púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwúwo náà ní àǹfààní. Èjìká gbé e, ojú kàn án, ọwọ́ dì í mú. Ibi mẹ́ta ni ó ti fara kan ènìyàn. Kámẹ́rà kékeré òde òní kò tó kílò kan, ọwọ́ nìkan ni a sì fi ń nà án síwájú. Bí a bá mí, àwòrán a mí. Ìdí nìyẹn tí ó fi nílò ìrànwọ́ láti inú ara rẹ̀.

Ìrànwọ́ yìí lè wà nínú lẹ́ǹsì. Dígí kan nínú rẹ̀ a máa sún díẹ̀ láti tako ìgbọ̀n ọwọ́. Ara lẹ́ǹsì ni ẹ ó ti rí àmì rẹ̀: Canon a máa kọ IS, Nikon a kọ VR, Sony a kọ OSS, Panasonic a kọ OIS. Bí ẹ kò bá rí lẹ́tà wọ̀nyí, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà gbọ́. Ìrànwọ́ náà sì lè wà nínú ara kámẹ́rà fúnra rẹ̀, níbi tí sensor, èyíinì ni awo kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti pa ìgbọ̀n náà rẹ́. Èyí ni àwa fẹ́ràn jù, nítorí pé lẹ́ǹsì àtijọ́ tí kò ní ohunkóhun nínú yóò jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kámẹ́rà ń fi ìṣirò ṣe. Ó ń gé etí àwòrán kúrò kí ó lè rí àyè tún un tò. Ó wúlò lójú títì. Ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ tí ó há, ẹ ó rí ìyàwó nínú àwòrán, ìyá ìyàwó á ti bọ́ síta.

Kí a wá bọ́ sórí lẹ́ǹsì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́ǹsì tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, bíi 12 tàbí 16, a máa rí ibi tí ó gbòòrò. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ a máa fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ wa, a sì máa fa ìgbọ̀n ọwọ́ súnmọ́ wa pẹ̀lú. Bí ẹ bá yọ 16 kúrò tí ẹ fi 50 sí i lórí kámẹ́rà kan náà, ìgbọ̀n ọwọ́ kan náà yóò hàn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tí ń fi ọwọ́ gbé kámẹ́rà, ẹsẹ̀ ni kí ó fi súnmọ́ ènìyàn.

Nọ́ńbà kejì ni èyí tí ó tẹ̀lé lẹ́tà f. Bí ó bá ti kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ń là tó. Lẹ́ǹsì tí ó bá kámẹ́rà wá láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ f/3.5 níbi tí ó gbòòrò, yóò sì di f/5.6 bí a bá fà á jáde. Lẹ́ǹsì f/1.8 a máa gba ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ẹni tí ó bá ti ya òde alẹ́ lábẹ́ gílóòbù mẹ́rin tí jẹnẹrétọ̀ ń tàn yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan wà, a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó yáwó ra ara kámẹ́rà full frame. Sensor irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36 sí 24, kámẹ́rà gidi ni. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tí ó yẹ irú rẹ̀ tóbi, ó wúwo, ó sì wọ́n, owó sì ti tán. Ó wá yá lẹ́ǹsì f/5.6 kan tí kò ní ohun tí ń mú àwòrán dúró. Òde àkọ́kọ́ tí ó lọ, alẹ́ ni; àwòrán ṣú, ó ń mì, ohùn olórin sì dàbí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú agbada, nítorí máíkì inú kámẹ́rà ni ó lò. Onínàáwó kọ̀, kò san owó tí ó kù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, inú ìfipamọ́ àwọn onídùúró méjì ni a ti yọ owó ẹgbẹ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá tí ń ta elùbọ́. Kò mọ ìyàtọ̀ láàrin lẹ́ǹsì àti ìdérí rẹ̀, ìfọwọ́sí rẹ̀ ni ó fi ran ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Èwo ni kí ènìyàn wá rà? Kámẹ́rà tí sensor rẹ̀ kéré díẹ̀ a máa lo lẹ́ǹsì tí ó kéré. APS-C jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 23.5 sí 15.6. Micro Four Thirds, tí Panasonic àti Olympus jọ gbé jáde ní 2008, jẹ́ 17.3 sí 13. Lórí rẹ̀, lẹ́ǹsì 25 ń rí ìwọ̀n ibi tí 50 ń rí lórí full frame. Nínú àwọn tí a lè rí ra ní tòkunbọ̀, Panasonic G85 tí ó jáde ní 2016 (wọ́n ń pè é ní G80 láwọn ilẹ̀ mìíràn) yẹ fún ẹni tí kò lówó púpọ̀. Ó ní ìmúdúró nínú ara rẹ̀, lẹ́ǹsì 12-60 tí ó máa ń bá a wá ní OIS, àwọn méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó ní ihò tí a ń ki máíkì sí, ṣùgbọ́n kò ní ti ẹ̀rọ ìgbóhùn etí. Àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé bí ó bá ń wá ojú ènìyàn láti mú un mọ́lẹ̀ kedere, nígbà mìíràn a máa lọ a máa bọ̀, bí ẹni tí ń wá ojú abẹ́rẹ́. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ yí lẹ́ǹsì.

Sony ZV-E10 ti 2021 jẹ́ òdìkejì. Ojú ènìyàn kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ihò máíkì àti ti etí, kò sì tó gíráàmù 350. Ṣùgbọ́n kò ní ìmúdúró nínú ara. Lẹ́ǹsì OSS ni ó ń fẹ́, bíi 35 f/1.8 OSS tí kò wúwo rárá. Bí ẹ bá yí i kíákíá, ilé a máa tẹ̀ nínú àwòrán. Kò sì ní ojú ihò tí a ń yọjú wò, nítorí náà nínú oòrùn ọ̀sán gangan ẹ ó máa fi ọwọ́ ṣíji bo gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀. Canon R50 ti 2023 ní ojú ihò náà, àwọ̀ ara ènìyàn sì dára nínú rẹ̀, àmọ́ òun náà kò ní ìmúdúró nínú ara. Bí a bá ní kí àwa yan ọ̀kan fún ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, G85 àti lẹ́ǹsì 12-60, pẹ̀lú 25 f/1.7 fún alẹ́, ni a ó yàn. Ẹni tí ó bá ti ní oníbàárà tí ń san owó gidi lè ronú nípa Sony.

Kí a tó kúrò lórí èyí, ọ̀rọ̀ iná wà. Iná ìjọba tiwa jẹ́ 50, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ tí ó bá ti Amẹ́ríkà dé sábà máa ń wà lórí ètò ti ọ̀hún, tí a ń pè ní NTSC. Bí ẹ bá lò ó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ gílóòbù wa, ìlà dúdú lè máa gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú àwòrán. Ẹ yí i sí PAL, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ojú rẹ̀ sí 1/50. Àwọn kámẹ́rà kan wà tí kò gbà kí a yí i, nítorí náà, ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Káàdì náà ń jẹ owó. Bí kámẹ́rà bá ń ya 4K ní mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá, gígábáìtì 45 ni yóò lọ ní wákàtí kan. Káàdì 64 kò ní tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Full HD tó fún ọ̀pọ̀ oníbàárà wa, ó sì ń fi àyè sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ sì máa ń dá dúró fúnra wọn bí ó bá pé ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59. Owó bodè tí àwọn ilẹ̀ Yúróòpù máa ń gbà tẹ́lẹ̀ rí lórí kámẹ́rà fídíò ni ó fà á. Ìwàásù oníwàásù kì í mọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí yóò ra àlòkù, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì dání. Kí ó tàn án gba inú lẹ́ǹsì kọjá. Bí ó bá rí ohun tí ó dà bí okùn aláǹtakùn, èéhù ni, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa yóò sì mú un gbilẹ̀ sí i. Kí ó ya fídíò fún ogún ìṣẹ́jú lójú ọlọ́jà, kí ó mọ̀ bóyá ó ń gbóná kú. Kí ó ki máíkì sí ihò rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ohun tí ó gbà. Kí nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ kámẹ́rà bá ti ìwé rísíìtì mu, kí ọlọ́pàá má baà wá bá a gbà á.

Ní ti owó, ohun tí a ti fi ẹnu kò sí láàrin ara wa, tí a sì fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀wò ní ẹgbẹ́ yín, ni pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí a bá yá ènìyàn, kí àádọ́ta má kọjá sórí ara kámẹ́rà. Kí ọgbọ̀n lọ sórí lẹ́ǹsì, kí ogún tí ó kù ra máíkì, bátìrì méjì sí i, àti káàdì méjì. Kí ìwé ẹ̀yáwó sì ní àyè tí onídùúró yóò ti rí gbogbo rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i. Lẹ́ǹsì tí ó wọ́n, tí ènìyàn kì í lò ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ẹgbẹ́ rà á fún gbogbo wọn, kí akọ̀wé ní ìwé tí yóò máa kọ ẹni tí ó mú un àti ọjọ́ tí yóò dá a padà. Àwọn kan yóò ní yóò bàjẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pọ̀ èrò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó bá mú un yóò fi fi owó díẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi dá a padà.

A ti gbé kámẹ́rà mẹ́ta àti lẹ́ǹsì márùn-ún sórí tábìlì ẹ̀yìn yẹn. Ẹ bọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ fi okùn kọ́ ọrùn, kí ẹ na kámẹ́rà síwájú títí okùn yóò fi le, kí ẹ fún ìgunpá mọ́ ìhà, kí ẹ sì rìn yí gbọ̀ngàn ká. A ó jọ wo ohun tí olúkúlùkù bá yà. Ẹ̀yin ìyá onídùúró, ẹ̀yin ni a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wá.