Gbèsè Àdéhùn Láàárín Àwọn Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ń Dá Ṣòwò



Ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú yín ni èyí: bí ètò kọ̀ǹpútà méjì bá bá ara wọn dúnàádúrà láìsí ènìyàn níbẹ̀, ta ni gbèsè àdéhùn náà wà lọ́rùn rẹ̀, ta sì ni ó lè fagi lé e?

Ní ọdún 1980, Reid Smith ṣàlàyé ọ̀nà kan tí a mọ̀ sí Contract Net. Ètò kan yóò kéde iṣẹ́, àwọn mìíràn yóò dá a lóhùn, olùkéde yóò sì yan èyí tí yóò gba iṣẹ́ náà. Pínpín iṣẹ́ ni ó jẹ ọ̀nà yìí lógún. Lẹ́yìn náà ni Munindar Singh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ gbèsè fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò. Ohun mẹ́rin ni ìlànà wọn ń kọ sílẹ̀: onígbèsè, olówó, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, àti ohun tí onígbèsè yóò wá ṣe. Olówó lè dárí gbèsè ji onígbèsè; bí onígbèsè bá dá fagi lé e, ó yẹ àdéhùn nìyẹn.

Ẹjọ́ kan ní Singapore fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, lórí ọjà owó orí kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Quoine ń darí, ètò Quoine kan kùnà. Ètò ilé-iṣẹ́ B2C2 sì ta Ethereum fún àwọn oníṣòwò mìíràn, ó gba Bitcoin ní nǹkan bí ìlọ́po 250 iye ọjà. Ní ọjọ́ kejì, Quoine yí ọjà náà padà, bẹ́ẹ̀ àdéhùn rẹ̀ sọ pé ọjà tí ó bá ti parí kò ṣeé yí padà. Ní ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ pé Quoine yẹ àdéhùn. Ní ti pé àṣìṣe ni ọjà náà, àwọn adájọ́ tí ó pọ̀ jù wí pé ohun tí ẹni tí ó kọ ètò náà mọ̀ ni kí a wò, nítorí ètò kò ní ọkàn tirẹ̀. Jonathan Mance nìkan ni ohùn rẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à á bẹ̀rù. Ètò kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ̀rù. Nítorí náà, èrò mi ni pé kí a fi ohun karùn-ún kún mẹ́rin ìṣáájú: orúkọ ẹni tí ó rán ètò níṣẹ́, àti iye tí ọjà kò gbọdọ̀ kọjá kí ètò tó dúró, kí ó sì ké sí i. Bí a kò bá kọ èyí sílẹ̀ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, adájọ́ ni yóò máa wá a kiri lẹ́yìn tí owó bá ti lọ.