Ta Ló Yẹ Kó Lọ Yẹ Ìfun Wò? Ìmúra Ẹni Tó Ń Gbéra Láti Ùgbòńlá

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá àti àyẹ̀wò rẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní kolonóskópì. Ọ̀rọ̀ ìdí ni, mo mọ̀. Ẹ̀rín tí mo ń gbọ́ láti ẹ̀yìn yẹn kò yà mí lẹ́nu. Ẹ rín in tán ká jọ sọ ọ́, nítorí ìtìjú wà lára ohun tó ń pa wá.

N óò kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá fi ẹ̀rọ ilé ìwòsàn dẹ́rù bà á. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà níbí ló gbọ́dọ̀ sáré lọ ṣe kolonóskópì. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò rí ẹ̀jẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ kò ní jẹjẹrẹ ìfun rí, lè fi àyẹ̀wò ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá "ṣé kí n lọ ni àbí kí n má lọ". Ó ní láti lọ. Ohun tó sì ń dá irú wọn dúró jù ní etí òkun wa ní Ùgbòńlá yìí ni jẹ̀díjẹ̀dí.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọkùnrin kan á ṣàdédé rí ẹ̀jẹ̀ lára ohun tó fi nu ìdí. Ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ sí i lọ́kàn ni pé nǹkan dídùn ti pọ̀ jù nínú oúnjẹ òun. Á ra àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, á yin alágbo. Bó bá tún yọjú, á ní àgbo yẹn ò le tó, á wá èyí tó le jù ú lọ. Oṣù á máa gorí oṣù. Jẹjẹrẹ ìfun kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́: ó lè ṣẹ̀jẹ̀ lónìí kó dákẹ́ fún oṣù kan gbáko, yálà a mu àgbo tàbí a ò mu. Ọtí líle tí a fi rẹ àgbo náà, òun fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ yìí.

Mi ò sọ pé irọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí. Iṣan ìdí tó wú ni, ó sì wọ́pọ̀ gan-an. Ìgbẹ́ ọ̀rìn náà ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kò sí ojú lásán tó lè ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára jẹjẹrẹ, tèmi tí mo kàwé náà kò lè yà wọ́n. Ẹlòmíì sì ń bẹ tó ní jẹ̀díjẹ̀dí àti jẹjẹrẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkínní á máa gba ẹ̀bi fún ìkejì.

Nígbà kan, àwọn onímọ̀ gbà pé àrùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe wá. Dókítà Denis Burkitt, ará Ireland tó ṣiṣẹ́ abẹ fún ọdún púpọ̀ ní Uganda, kọ ọ́ ní 1971 pé jẹjẹrẹ ìfun ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará abúlé ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ní oúnjẹ oníhàhá tí wọ́n ń jẹ ló fà á. Ìtùnú yẹn ti gbó. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń kọ ọ́ jáde tipẹ́ pé àrùn ti máa ń tàn kálẹ̀ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àti pé púpọ̀ nínú wọn kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ibẹ̀ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Alátiṣe àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York láti dá ẹgbẹ́ oníwàádìí tí wọ́n ń pè ní ARGO sílẹ̀ ní 2013. Wọ́n ti gbé àyẹ̀wò ìgbẹ́ yìí lọ bá àwọn èèyàn tiwa. Lágbàáyé, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùnlélógójì ènìyàn tí wọ́n rí àrùn yìí lára wọn ní 2022, àwọn tó pa lọ́dún náà sì tó ọ̀kẹ́ márùnlélógójì, ìyẹn 900,000.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù létí òkun mọ Pelé. Ní 2021, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá rẹ̀ nígbà tó lọ ṣe àyẹ̀wò ara tí àrùn Kòrónà ti jẹ́ kó sún síwájú. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kejìlá, 2022, ó kú, ẹni ọdún 82. Ẹ lè ní àgbà ni. Chadwick Boseman, tó ṣe ọba Wakanda nínú fíìmù, kò ju ẹni ọdún 43 lọ nígbà tí àrùn kan náà pa á ní 2020.

Ohun tó mú kí àyẹ̀wò wúlò ni pé àrùn yìí kì í dé lójijì. Kókó kékeré ló máa ń kọ́kọ́ hù lára ògiri ìfun. Ọ̀pọ̀ irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í dàgbà di nǹkan kan. Díẹ̀ nínú wọn ló ń di jẹjẹrẹ, ó sì máa ń gbà tó ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pá rírọ̀ tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, tí kámẹ́rà àti iná wà lórí rẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe kolonóskópì. Wọ́n á gba ihò ìdí tì í wọlé, wọ́n á wo ìfun ńlá, tó tó nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀, títí dé ìpẹ̀kun rẹ̀. Láti 1969 tí àwọn dókítà William Wolff àti Hiromi Shinya ti ń ṣe é ní New York, dókítà lè ti okùn wáyà gba inú ọ̀pá yẹn, kó fi gé kókó náà kúrò lójú ẹsẹ̀, láìla ikùn ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá wá bi mí pé báwo ni èrè rẹ̀ ṣe pọ̀ tó fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, n óò fi ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 láti Poland, Norway àti Sweden dá a lóhùn. Ènìyàn 84,585 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún mẹ́wàá. Nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọn kò pè fún kolonóskópì, bíi méjìlá ló ní jẹjẹrẹ ìfun. Nínú ẹgbẹ̀rún tí wọ́n pè, bíi mẹ́wàá. Lóòótọ́, méjìlélógójì péré nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí wọ́n pè ló jẹ́ ìpè, nítorí náà èrè ẹni tó lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ẹni tó bá sì ń polówó rẹ̀ bíi pé iṣẹ́ ìyanu ni ń tan yín jẹ.

Ìdí rèé tí mo fi ń gbè sẹ́yìn àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Igi tín-ín-rín kan ni, ẹ ó fi kan ìgbẹ́, ẹ ó dá a padà sínú ìgò rẹ̀, wọ́n á fi wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ní England, ilé ni ìjọba ń fi í ránṣẹ́ sí fún àwọn àgbà ní ọdún méjì-méjì. Ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó máa fi í ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè rẹ̀. Amẹ́ríkà ní kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 45, mi ò sì rí ìdí tí a fi máa pẹ́ jù wọ́n lọ. Ẹ má ṣe é nígbà tí ìgbẹ́ ọ̀rìn bá ń ṣe yín, torí ẹ̀jẹ̀ ìgbẹ́ ọ̀rìn á tàn án. Ẹ má sì fi ìgò náà sínú oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀. Bí èsì bá ní ẹ̀jẹ̀ wà, kolonóskópì ló kàn, kì í ṣe àgbo. Ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ ìfun kò ní dúró de ọdún 45: kó bẹ̀rẹ̀ kolonóskópì ní ogójì ọdún, tàbí nígbà tó bá ku ọdún mẹ́wàá kó tó ọjọ́ orí tí àrùn fi mú ẹni yẹn, èyí tó bá ṣáájú.

Ó wá ku ìmúra, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ará Ùgbòńlá ti yàtọ̀ sí ti ará Ìbàdàn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Ìmúra rẹ̀ ló ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Bí ìfun kò bá mọ́, ẹni tó ń wá kókó nínú rẹ̀ dà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú ẹrẹ̀ odò. Wọ́n á ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn, owó ọkọ̀ ti gbé nìyẹn.

Bó bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti èso oníkóró sílẹ̀. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ẹyin àti ẹja tí a yọ egungun rẹ̀ kò burú. Púpurú ńkọ́? Ẹ bi nọ́ọ̀sì tó bá fún yín ní ìtọ́ni; èmi ò bá fi í sílẹ̀, ọjọ́ mélòó kan náà ni. Lọ́jọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, ohun tí a ń jẹ lẹ́nu ti tán: omi, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ẹja tí a sẹ́, omi àgbọn. Kò sí zobo, torí pupa rẹ̀ á dà bí ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà. Àwọn ìjọ wa tó ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ lè ní kékeré nìyí, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ààwẹ̀ gbígbẹ rárá. Ẹ gbọ́dọ̀ mu omi, kó sì pọ̀.

Oògùn tí wọ́n máa fún yín, ìyẹ̀fun ni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó fi omi lítà díẹ̀ pò ó. Ẹ sábà máa mu ìdajì lálẹ́, ẹ ó mu ìdajì tó kù ní ìdájí ọjọ́ àyẹ̀wò. Omi tí òkun ti kó iyọ̀ wọ̀ kọ́ lẹ máa fi pò ó o. Píọ̀ wọ́tà ni, tàbí omi òjò tí ẹ sè. Ẹnìkan á sì sọ pé, "Ṣebí ká yàgbẹ́ náà ni, àsúnwọ̀n wà lẹ́yìnkùlé mi." Òótọ́ ni pé àsúnwọ̀n ń yàgbẹ́, oògùn ìbátan rẹ̀ sì wà nílé ìwòsàn. Àmọ́ kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ife tiyín, ó sì lè run yín nínú láìfọ ìfun dé ibi tí dókítà ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́yìnkùlé.

Ẹni tó bá mu oògùn náà lè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Ẹ fojú inú wo ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kan tó ń gba orí afárá pákó kọjá lóru lọ sí etí omi, ìgbà keje rèé, ara rẹ̀ ti gbẹ, òòyì ń kọ́ ọ. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó ní kó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sí Igbókòdá, kó wọ mọ́tò gba Òkìtìpupa, Òrè àti Oǹdó lọ sí Ifẹ̀. Níbo ló ti máa mu ìdajì tó kù? Níbo ló máa yà sí lójú omi? Nítorí náà, ẹnikẹ́ni má mu oògùn yìí ní Ùgbòńlá. Ó kéré tán, ẹ ti gbéra ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ sùn sọ́dọ̀ ọmọ tàbí ẹbí nínú ìlú tí ilé ìwòsàn wà, nínú ilé tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ ilé ìwòsàn láago kí ẹ tó wọ ọkọ̀: ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n lè gé kókó lójú ẹsẹ̀, ṣé owó àyẹ̀wò ẹran ara wà nínú iye tí wọ́n dá?

Gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, ẹ kó o dání lọ hàn wọ́n ṣáájú. Oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́ àti ti ìtọ̀ ṣúgà, àwọn ló máa sọ bí ẹ ṣe máa lò ó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, wọ́n sábà máa ń ní kí a dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí àwọn oògùn ìfọfun kan léwu fún un.

Ní ti ìtìjú, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n á ní kí ẹ fi dùbúlẹ̀, aṣọ á bò yín, abẹ́rẹ́ tó ń múni tòògbé ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀, ti omi tàbí ti ilẹ̀, títí di ọjọ́ kejì. Ewu rẹ̀ kò pọ̀: nínú 10,000 ènìyàn, bíi mẹ́ta ni ìfun wọn máa ń lu, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ ìfun tó lu ní Ilé-Ifẹ̀ àti èyí tó lu ní Ùgbòńlá kì í ṣe ọgbọọgba, torí ọ̀nà oníṣẹ́ abẹ jìn. Ẹni tí wọ́n bá gé kókó lára rẹ̀, kó sun ọjọ́ méjì sí i ní ìlú. Bí ikùn bá le, bí ibà bá dé, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, kó padà lọ bá wọn kíá.

Kí ẹnikẹ́ni tó ronú Ilé-Ifẹ̀ rárá, ohun kan wà tó rọrùn ju gbogbo èyí lọ. Púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ìfun tí wọ́n ń rí lọ́dọ̀ wa ló wà nítòsí ìdí, níbi tí ìka dókítà tó wọ ìbọ̀wọ́ lè kàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀yin alágbo, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Ẹni tó bá wá ra àgbo jẹ̀dí lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kejì láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ má tà á fún un mọ́. Ẹ ní kó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Igbókòdá, kí dókítà fi ìka yẹ ìdí rẹ̀ wò.