Orin Òkè Dassa-Zoumè Nínú Fóònù: Kí La Lè Gé, Kí Ni Kò Yẹ Ká Gé?

 

Orin tí a bá kọ láàárín òkè 41 tí gbogbo ayé fi mọ Dassa-Zoumè kì í pẹ́ kó tó dé Kútọnu, Parakou àti Paris. Ẹnì kan á gbà á sílẹ̀ níbi ìnáwó, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹni tó rí i gbà náà á fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn. Inú mi ń dùn sí i. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé orin náà ń pàdánù nǹkan lójú ọ̀nà, ẹ̀dà tó ti pàdánù yẹn nìkan ló sì sábà máa ń kù sí wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí kọ̀ǹpútà bá gba ohùn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún sídì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fún etí ọ̀tún àti etí òsì, ló ń wọn ohùn náà ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì 16 ló sì fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Orin ìṣẹ́jú kan á gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10.6. Mẹ́mọ́rì káàdì gígábáìtì 4 kò ní gbà ju wákàtí 6 àti díẹ̀ lọ. Sọ orin náà di MP3 kílóbíìtì 128 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú kan rẹ̀ ò ní tó mẹ́gábáìtì kan, káàdì yẹn náà á sì gba nǹkan bíi wákàtí 69. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú àpò rẹ̀. N kò wá síbí láti bú MP3.

Karlheinz Brandenburg àti àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fraunhofer, nílùú Erlangen ní Jámánì, wà lára àwọn tó ṣe é. Ọdún 1995 ni wọ́n yan .mp3 fún un ní orúkọ. Ọgbọ́n tí wọ́n gbé e lé jinlẹ̀: etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ohun tó ń dún. Ìró ńlá máa ń bo ìró kékeré tó bá sún mọ́ ọn mọ́lẹ̀. Ohun tí etí kò ní gbọ́, wọn kì í wá àyè fún un nínú fáìlì; ìfúnpọ̀ nìyẹn. Nígbà tí Brandenburg ń tún iṣẹ́ náà ṣe, ó gbọ́ orin «Tom's Diner» ti Suzanne Vega ní àìmọye ìgbà, torí pé ohùn obìnrin náà tètè máa ń tú àṣírí ìfúnpọ̀ tí kò dára. Obìnrin kan ló ń kọrin níbẹ̀, láìsí ìlù, láìsí agogo.

Orin tiwa wá ńkọ́? Ègé-ègé ni MP3 ń gé orin sí, ègé kan jẹ́ ìwọ̀n 1,152, èyí tí kò ju nǹkan bíi ìdá 26 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Àṣìṣe tó bá wọ inú ègé kan máa ń tàn ká a. Bí ọ̀pá bá kan agogo láàárín ègé náà, ariwo fẹ́ẹ́rẹ́ kan á ti dún ṣáájú kí ọ̀pá tó kan irin. Àwọn tó ṣe MP3 mọ àìsàn yìí, wọ́n sì ṣe ègé kúkúrú fún irú ìró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ègé kúkúrú ń fẹ́ bíìtì púpọ̀ sí i, fáìlì kékeré kò sì ní i. Ìdí nìyẹn tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fi ń dún bí omi tó ń hó lórí iná nínú ọ̀pọ̀ fáìlì tí à ń fi ṣọwọ́ síra wa.

Ẹ̀yin onílù, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ kì í tètè sọnù. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ náà wà níbi tí ìfúnpọ̀ kì í tètè fọwọ́ kàn. Ìró tó tín-ín-rín jù lọ ló ń kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú ìró tí òkúta àwọn òkè wọ̀nyí ń dá padà lẹ́yìn tí àtẹ́wọ́ ti dákẹ́. Nítorí pé a ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé, a rò pé ohunkóhun ò lọ. Ọmọ tó bá fẹ́ fi fáìlì yẹn kọ́ ìlù lọ́jọ́ iwájú á gbọ́ ọ̀rọ̀, kò ní gbọ́ bí ọwọ́ ṣe ba awọ.

Gígé ohùn kì í ṣe tuntun. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, gba orin 43 sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ àwo Zonophone. Ìwo ńlá ni wọ́n ń kọrin sí nígbà náà, ọ̀pọ̀ ìró ìsàlẹ̀ àti ìró òkè kò sì ráyè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wọlé wà nínú àwo títí dòní. Ẹgbẹ́ olórin Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu náà gba orin sílẹ̀ jaburata ní àwọn ọdún 1970. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwo Analog Africa kó díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde ní 2008, wọ́n rí ohun àtijọ́ tó ṣe é padà lọ bá. Bó bá jẹ́ MP3 kílóbíìtì 64 nìkan ló ṣẹ́kù ni, kí ni wọn ì bá rí tún ṣe?

Ohun tí ìfúnpọ̀ bá ti gé, kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà. Ẹni tó sọ fáìlì 128 di 320 kàn ń mú fáìlì sanra ni. Bí a bá sì tún un fún pọ̀ léraléra, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí fídíò lórí WhatsApp, àbùkù á máa gorí àbùkù.

Èrò tèmi rèé. WAV, tí kì í fún ohùn pọ̀, ni kí ẹ fi gba orin sílẹ̀, kí ẹ wá sọ ọ́ di FLAC, tó ti wà láti 2001. FLAC kì í ju nǹkankan nù, síbẹ̀ ó lè dín fáìlì kù dé nǹkan bí ìdajì. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì tó jìnnà síra. Èyí tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ni kí ẹ fún pọ̀: MP3 192 tó fún orin ẹnu, ṣùgbọ́n níbi tí agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá wà, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 256. Bí fóònù ẹni tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí bá gba Opus, ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn tó jáde ní 2012, kílóbíìtì 128 rẹ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ẹ sì kọ orúkọ onílù, orúkọ akọrin, àdúgbò àti ọjọ́ sínú fáìlì náà fúnra rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn kò ní gba kílóbáìtì kan.