Àtúnṣe Ohun Ìṣeré Àtijọ́

Ẹ̀kọ́ kan wà tí a rí kọ́ lára àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń tún ọkọ̀ ojú irin ìṣeré ṣe.

Ní ọdún 1935, ilé-iṣẹ́ Lionel ti New York ṣe ahéré aṣọ́nà kan: bí ọkọ̀ bá ń kọjá, ilẹ̀kùn a ṣí, aṣọ́nà a sì jáde pẹ̀lú àtùpà. Wáyà tín-ín-rín tí a wé bí òwú ni iná ń gbà kọjá; yóò di òòfà, yóò sì fa irin tí ń ti aṣọ́nà síta.

Bí aṣọ́nà bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ má sọ ọ́ nù. Ìdọ̀tí àti gírísì tí ó ti dì ni ó sábà ń dí i lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ tó nù ún mọ́. Wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ti fọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ní 1954 ni àwọn olùfẹ́ nǹkan wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ Train Collectors Association sílẹ̀ ní Pennsylvania. Irú wọn a máa fi ilẹ̀kùn tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn fún ẹni tí tirẹ̀ ti sọnù, wọn a sì máa kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Àgbà tí ó mọ àtúnṣe kì yóò wà títí láé; bí kò bá kọ́ ẹlòmíràn, ọgbọ́n náà bá a lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa fi ohun tí a mọ̀ han ara wa.